Òkété Alájọ Ọ̀rọ̀

Àwẹ̀ró elẹ́ja ló kọ́kọ́ sọ ìròyìn yìí fún mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èdè Faransé ló ń kọ́ níbẹ̀. Ọdún kẹta rèé. Bó bá dé fún ọlidé tí a ní kó sọ ọ́ ká gbọ́, á ní "bọ́ńjúù," á wá dákẹ́, á máa wo òrùlé. Mo ní, "Àwẹ̀ró, gbogbo owó ẹja tó o ti ń tà láti ọdún mẹ́ta, ṣé bọ́ńjúù kan ṣoṣo lo fi rà bọ̀?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ẹnu rẹ ò dáa. Jókòó. Kì í ṣe orí ọmọ mi ló ti bẹ̀rẹ̀. O ò tíì gbọ́ ti Òkété."

Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Tó bá dùn, èmi ni mo kọ ọ́. Tí kò bá dùn, ẹ lọ bá Àwẹ̀ró nídìí ẹja rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lẹ́nu, kó tètè gbé e mì. Àlọ́ mi ò lọ ọ̀nà jíjìn, inú ihò ló wọ̀, Òkété ló bá níbẹ̀.

Ẹja ló ń wu Òkété jẹ. Kì í ṣe ẹja kẹ́ja o. Ẹja yíyan ni, èyí tí wọ́n ká bí òrùka, tí wọ́n ki ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tí epo rẹ̀ ń kán sínú iná, ṣìì, ṣìì. Bí Òkété bá ti rántí rẹ̀, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ tó ń hu eyín.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń rí irú ẹja bẹ́ẹ̀ jẹ ní gbogbo igbó. Ògbufọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo odò kéékèèké tó wà nínú igbó á gbẹ. Odò Ńlá nìkan ló ń ṣẹ́ kù, àwọn ará odò ló sì ni ín. Erinmi lọba wọn. Kí ará igbó tó lè mu níbẹ̀, àfi kí ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú Erinmi kó fi èdè odò tọrọ omi. Ará odò ò gbọdọ̀ bá wọn tọrọ rẹ̀. Òfin ni: ẹni tó fẹ́ mu ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè. Tẹ́ ẹ bá fi èdè igbó bèèrè, Erinmi ò gbọ́. Tó bá tiẹ̀ gbọ́, kò ní dáhùn. Ẹ ṣáà mọ ọba.

Àgbọ̀nrín àgbà ló ń ṣe ògbufọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọrọọrún làwọn ará odò ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan kan wá fún un, owó iṣẹ́ ẹnu. Àgbọ̀nrín wá kú. Ẹja ò kú.

Ni ará igbó bá pe ìpàdé. Wọ́n ní àwọn máa rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà létí Odò Ńlá, kí wọ́n lọ kọ́ èdè odò. Wọ́n yan Ẹfọ̀n nítorí pé ó lágbára. Wọ́n yan Ẹkùn nítorí pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bani. Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n rí Òkété tó ti di ẹrù rẹ̀.

"Òkété, ta ló yan ìwọ?"

"Ẹ̀yin àgbà, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń wò mí? Ẹni tí àgbà bá wò, wọ́n ti yàn án."

Ìyá Àgbọ̀nrín, opó ògbufọ̀, dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, oṣù mẹ́sàn-án ló kù kí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Tí kò bá sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ níwájú Erinmi lọ́jọ́ náà, gbogbo wa la máa kú, tàgbà tèwe. Ogójì ọdún lọkọ mi fi sọ èdè yẹn. Kò sí ọjọ́ tí kì í sọ ọ́. Àní òun ló fi ń bú mi, èébú yẹn nìkan ni mo sì mọ̀ níbẹ̀."

Gbogbo wọn mirí. Òkété náà mirí. Ẹja ló ń rò.

Wọ́n dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Alákàn ni tíṣà wọn. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn wọ kíláàsì, ojú rẹ̀ méjèèjì sì nà sókè bí ojú ẹni tó ń wá onígbèsè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló kọ òǹgbẹ sí ojú pátákó ní èdè odò. (Mo ń sọ ọ́ lédè tiwa kó lè yé yín. Èmi ò gbọ́ èdè odò. Èyí tí mo gbọ́ ò tíì tán lẹ́nu mi.)

Tíṣà Alákàn ní, "Àwa ará odò kì í fi bẹ́ẹ̀ lo ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni òǹgbẹ máa gbẹ nínú omi? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin máa lò ó. Ẹkùn, dìde, sọ pé òǹgbẹ ń gbẹ ọ́."

Ẹkùn dìde, ó tún irùngbọ̀n ṣe, ó sọ ọ́. Àwọn ẹja kéékèèké tó ń yọjú lójú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń hó lẹ́nu wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ gbà á o, egungun há a lọ́fun!" Ẹkùn jókòó. Ẹni tí gbogbo igbó ń sá fún, ẹja tí kò tó ọmọ ìka fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó búra lọ́kàn pé òun ò tún la ẹnu sọ èdè yẹn mọ́ láyé.

Ẹfọ̀n ní tirẹ̀ kì í tijú, awọ ara rẹ̀ nípọn. Wàhálà tirẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kì í bá a gbé. Á kọ ogójì sínú ìwé, á máa há a sórí títí àkùkọ á fi kọ. Tílẹ̀ bá mọ́, mẹ́ta ló máa ń kù, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà sì ni orúkọ bàbá rẹ̀. Á wá máa wo abẹ́ ibùsùn. "Ogójì ni mo há sórí lánàá! Ogójì! Ibo ni wọ́n gbà lọ?"

Àwọn tó bá a gbé ni àwọn tó fi ń ra nǹkan lọ́dọ̀ Ìyá Kọ̀ǹkọ̀. Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ ló ń ta ẹ̀kọ àti ẹja díndín lẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì gbọ́ èdè igbó rárá. Tí Ẹfọ̀n bá fẹ́ ẹja tó lọ pè é ní àga, ìyá náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Jókòó lé e nígbà náà!" Á wá pè é bó ṣe yẹ. Tí Ẹfọ̀n bá pè é dáadáa, á bu èènì lé e. Nítorí èènì yìí, ọ̀rọ̀ méjìlá dúró lórí Ẹfọ̀n gbọnin-gbọnin, kò sì mọ̀ pé òun ń kàwé.

Òkété ńkọ́? Òkété ń sùn ní kíláàsì. Oṣù kìn-ín-ní parí, kò ní ọ̀rọ̀ kan lórí. Ohun tó ní ni ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọlọ́run dá àpò méjì sí i lẹ́nu, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ibẹ̀ ló ń kó èkùrọ́ elékùrọ́ sí. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí, ọgbọ́n wá sọ sí i.

Ó lọ bá Ẹfọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni màmá yín ń tà?"

"Gbúre."

"Níbo ni wọ́n ń kó owó rẹ̀ sí?"

"Alájọ ni wọ́n ń fún."

"Kí ló dé tí wọn ò kó o sílé?"

"Kí wọ́n kó o sílé kẹ̀! Owó tó bá wà nílé, ẹsẹ̀ ti yọ sí i. Ọmọ á ní ebi ń pa òun, àna á ní òun ń lọ sìnkú, kó tó dalẹ́ ó ti tán."

Òkété pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dá ara yín lóhùn! Orí yín nilé yẹn. Ọ̀rọ̀ lowó. Ẹ ń kó ogójì sílé, ẹ wá ń jí ní àárọ̀ ẹ ń ná an fún Ìyá Kọ̀ǹkọ̀. Báwo ló ṣe máa kù?"

Ẹfọ̀n dúró, ó gbé ọ̀rọ̀ náà wò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò rí ibi tó ti yẹ̀. Èmi náà tí mò ń kọ ọ́ yìí, ó kọ́kọ́ jọ mí lójú.

Òkété ní, "Ẹ gbé e wá fún èmi. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lóòjọ́. Ẹ sọ ọ́ sí mi létí, màá kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, màá fa ìlà sí káàdì yín. Ẹ ò gbọdọ̀ tún dá a lẹ́nu o. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ ti ná an nìyẹn. Tó bá ku ọ̀la kí ẹ dé iwájú ọba, màá kó gbogbo rẹ̀ fún yín, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀ gbáko! Gẹ́gẹ́ bí àṣà, èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kó ni ti alájọ."

"Ìyẹn ò burú," ni Ẹfọ̀n wí.

"Àti ẹja kan lójoojúmọ́."

"Ẹja ti kí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ odò kọ́ ni? Tí kò bá gbóòórùn ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbẹ."

Ẹkùn gbọ́, inú rẹ̀ dùn ju ti Ẹfọ̀n lọ. Àṣé èèyàn lè kàwé kó má la ẹnu! Òun ló kọ́kọ́ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí Òkété, ó sọ òǹgbẹ sí i, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín rẹ̀. Ó ní, "Gbà. Mi ò fẹ́ rí i mọ́." Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ kó nìyẹn, nítorí náà ti alájọ ni. Òkété ò tilẹ̀ kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹja ló fi gbé e mì. Ẹfọ̀n ní tirẹ̀ kó "ẹja" fún un ṣáájú. Ìyẹn ò sí nínú ewu. Òkété ò lè gbàgbé ẹja.

Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Òkété á mú káàdì àti bírò, á máa lọ láti yàrá dé yàrá, á máa kọrin, wọ́n á máa gbè é:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́wèé lónìí o,
Má ná an, fi síbẹ̀.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kì í jò o,
Má ná an, fi síbẹ̀.
Ẹni tó bá ná an á tòṣì o,
Má ná an, fi síbẹ̀.
Ẹja mi dà, ẹja mi dà o?
Má ná an, fi síbẹ̀.

(Ọkọ mi tó kú náà gba àjọ rí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Kíláàsì wá dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó jáde. Tíṣà Alákàn á nawọ́ sí pátákó, á ní, "Ẹfọ̀n, kí lèyí?" Ẹfọ̀n á ní, "Tíṣà, mo mọ̀ ọ́n, mo ti tọ́jú ẹ̀ ni." Tíṣà á ní, "Ẹkùn ńkọ́?" Ẹkùn á fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tí eyín ń dùn. Tíṣà Alákàn á gbé ojú rẹ̀ méjèèjì sókè, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Lẹ́nu géètì, wọn ò bá Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á fi ìka tọ́ka sí ẹja, wọ́n á fi ìka tọ́ka sí ẹ̀kọ. Ìyá náà ní, "Ta ló gé ahọ́n ẹ̀yin ọmọ yìí? Ìwọ tó ò ń jókòó lé ẹja, kí ló ṣe ọ́?" Ẹfọ̀n kàn ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ ò bu èènì fún un mọ́. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀, kí lèèyàn fẹ́ tìtorí ẹ̀ bu èènì?

Òkété ní tirẹ̀ ń sanra. Ẹja méjì lóòjọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú títí tí kò fi lè wọ ihò rẹ̀ mọ́, àfi tó bá fi ìdí wọlé. Èyí tó wá burú jù ni pé ó gba irọ́ ara rẹ̀ gbọ́. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá dá ọ̀kan lẹ́nu, á tán. Nítorí náà, òun náà ò sọ ẹyọ kan. Kò bá Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ sọ, kò bá ẹja sọ, kò bá ara rẹ̀ sọ.

Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ pé. Ó ku ọ̀la. Ẹfọ̀n àti Ẹkùn wá gba àjọ wọn.

Òkété ní, "Ẹ mú káàdì wá. Ẹ tẹ̀ka síbí, pé ẹ ti gbà á." Wọ́n tẹ̀ka. "Ẹ gbé etí wá." Wọ́n gbé etí wá. Ó wá mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ sí wọn létí. Kò sinmi, kò mí, ọ̀rọ̀ ń gun ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, bí ẹni tú èlùbọ́ sínú ìjì. Ó parí kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹfọ̀n gbọn orí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹkùn gbọn tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ló jáde.

"Òkété, mi ò rí i gbà o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìka yín rèé. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe fún yín? Kí n gbé orí mi fún yín ni?"

Ó bá tirẹ̀ lọ, ó lọ wẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun wá apẹ̀rẹ̀ ńlá kan, pé ẹja òun máa pọ̀ lọ́la.

Ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú igbó, ewé ń fọ́ bí àwo. Gbogbo ará igbó tò sétí Odò Ńlá, ahọ́n wọn gbẹ bí ẹ̀ka igi. Wọ́n ń wo omi lọ ràì níwájú wọn, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyá Àgbọ̀nrín ò lè dúró mọ́, ó fara ti òkúta. Erinmi jókòó sínú omi dé ọrùn, àwọn ìjòyè rẹ̀ yí i ká, àsè ti wà nílẹ̀.

Erinmi bi Ẹfọ̀n pé, "Kí lẹ fẹ́?"

Ẹfọ̀n wá orí rẹ̀ kiri. Ìyókù méjìlá tó ti mọ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ ló bá níbẹ̀, ìpẹtà ti bo àwọn náà. Ó ní, "Ẹ̀kọ. Ẹja. Ẹ fún mi léènì."

Gbogbo odò rẹ́rìn-ín. Erinmi ní, "Èènì lórí kí ni?"

Ó kan Ẹkùn. Ẹkùn la ẹnu, ó rí àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n ti ń di ẹ̀gbẹ́ mú, ó pa ẹnu dé.

Ìyá Àgbọ̀nrín pa ojú dé.

"Ẹ yà fún mi!" Òkété jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣáájú, òun tẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde. Ọ̀rọ̀ odò tó wà lẹ́nu rẹ̀ ju ti àwọn ìjòyè lọ.

Erinmi ní, "Kí lẹ fẹ́?"

Òkété la ẹnu. Ó ní, "Ìgbálẹ̀. Mẹ́tàlá. Ìgbànú. Àbúrò. Rọra. Ṣíbí. Orúnkún..."

Ó fẹ́ dúró, kò lè dúró. Bí wọ́n ṣe tò wọlé ni wọ́n ṣe ń tò jáde. Èyí tó ń wá ò sí níwájú, kò sì mọ èyí tó ń bá èyí rìn. "Òrùlé. Fẹ́. Àna mi. Ìkòkò. Díẹ̀díẹ̀. Ìrù..."

Erinmi ní, "Ẹrù ilé mi lo ń kà ni? Ṣé olè ni ọ́?"

"Àgbò. Bẹ́ẹ̀ ni. Pákó..."

"Ó tiẹ̀ gbà!" ni àwọn ìjòyè pariwo.

Ẹfọ̀n fò sókè, ó kígbe lédè igbó. "Pákó! Tèmi nìyẹn! Èyí tí mo kó lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ nìyẹn! Òkété, tó o ní o ti san án fún mi!"

Ariwo ta. Erinmi ní kí Tíṣà Alákàn túmọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tíṣà tú u fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, àti ti káàdì, àti ti ẹja. Òkété na káàdì sókè. "Kábíyèsí, mo ti san án! Ìka wọn rèé!"

Nígbà tí Tíṣà túmọ̀ èyí, Erinmi rẹ́rìn-ín títí odò fi ru. Ó ní, "Ẹni tí a da ẹgbẹ̀rún garawa omi lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣé a fún un lómi mu ni? Òkété, o jẹ gbèsè. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ti Ẹfọ̀n, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ti Ẹkùn, ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ni. Ìwọ̀fà Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ ni ọ́ láti òní. Wàá máa ru àwo rẹ̀ kiri ọjà odò, àwọn méjèèjì á máa tẹ̀ lé ọ. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wàá fi ra nǹkan, wàá fi tà, wàá fi dúnàá-dúrà, wàá fi jà, àwọn náà á fi dá ọ lóhùn. Tó bá di ìgbà mẹ́ta lójú ẹni mẹ́ta, kí Tíṣà fa ìlà. Ìlà kan, ìkòkò omi kan fún ará igbó. Ìwọ fúnra rẹ, inú ìkòkò yẹn náà lo ti máa mu. Ibodè odò ò ní ṣí tán títí gbèsè yóò fi tán."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òkété ru àwo ẹja díndín sórí, kò gbọdọ̀ jẹ ọ̀kan níbẹ̀. Ẹ wo ìyà! Òórùn ẹja lókè, òògùn nísàlẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ ń tì í lẹ́yìn: "Polówó! Ṣé odi ni mo yá ni?" Á ní, "Ẹ ra ẹja!" Wọ́n á ní, "Èló?" Á sọ iye tí kì í ṣe iye, wọ́n á fi ẹja gbá a lẹ́nu. Tó bá tún sọ ọ́, ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹfọ̀n á wá ná an, Ẹkùn á ní ẹja ti rà. Ará igbó tò sétí odò, wọ́n ń bá wọn gbe orin wọn padà:

Òkété ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀,
Ná an o, má fi síbẹ̀.
Àwa ń wo ẹnu rẹ, a ń wo omi,
Ná an o, má fi síbẹ̀.

Wọ́n ń san ogún lóòjọ́. Ẹkùn ló kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn ẹja kéékèèké rẹ́rìn-ín rẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, wọ́n rẹ́rìn-ín rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ó yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀, kò rí ojú ọgbẹ́ kan. Àṣé ẹ̀rín kì í bu èèyàn jẹ! Láti ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ ò dúró mọ́. Ẹfọ̀n náà rí i pé ọ̀rọ̀ tí òun fi jà lówùúrọ̀ ò sá lọ lálẹ́, àní ó tún mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wálé.

Ibi tí Àwẹ̀ró sọ ọ́ dé nìyí tí mo fi dá a lẹ́kun. Mo ní, "Àwẹ̀ró, rán ọmọ rẹ lọ sí Kútọnu pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja kan. Kó má padà wálé títí á fi tà á tán." Ó wò mí. Ó ní òun ti ń rò ó.

Àádọ́ta ọjọ́ kọjá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété ti rọ̀, ó ti fẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú àgbàdo inú rẹ̀. Bó ṣe wà títí dòní nìyẹn, ẹ lọ wò ó. Tíṣà Alákàn ka ìlà, ó ní, "Ẹgbẹ̀rún ó dín kan."

Òkété ní, "Kò sí mọ́ lẹ́nu mi."

Tíṣà ní, "Èyí tí Ẹkùn kọ́kọ́ kó dà?"

"Ìyẹn tèmi ni! Owó alájọ!"

Erinmi ní, "Tó bá jẹ́ tìrẹ, mú un jáde ká rí i."

Òkété ki ọwọ́ bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ki ọwọ́ bọ tòsì. Ó ti fi ẹja gbé e mì láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó wo Ẹkùn, Ẹkùn ti lé ọ̀rọ̀ náà jìnnà, kò rántí ojú rẹ̀. Ẹfọ̀n ti gbàgbé rẹ̀ tipẹ́. Tíṣà Alákàn mọ̀ ọ́n, ó dijú. Ó ní, "Mo ti kọ́ yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ń sùn." Ìkòkò omi tó ń lọ sígbó dúró. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì. Wọ́n gbé Ìyá Àgbọ̀nrín wá sábẹ́ igi, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Òkété wá ń bi gbogbo ará odò léèrè. Ó ní, "Kí lẹ ń pè é, tí omi ò bá sí?" Wọ́n ní, "Níbo ni omi ò sí?" Ó ní, "Ohun tó máa ń ṣe ọ̀fun ni." Ọ̀kan ní, "Ikọ́?" Èkejì ní, "Egungun ẹja?" Ẹ̀kẹta ní, "Orin?" Òkété ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, ọjọ́ kejì rèé tí omi ò kan ahọ́n rẹ̀, nítorí ìkòkò tó ń mu níbẹ̀ ti dúró.

Ọ̀sán gangan, ó gbé àwo padà fún Ìyá Kọ̀ǹkọ̀. Ìyá náà wà nídìí iná, ó ń dín ẹja, oòrùn lókè, epo gbígbóná níwájú. Nínú gbogbo ará odò, òun nìkan ló ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó ti iná. Ó nu ojú, ó na ọwọ́ sí igbá omi, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé, "Háà. Òǹgbẹ ń gbẹ mí."

Àwo já bọ́ lọ́wọ́ Òkété.

"Ìyá, ẹ tún un sọ."

"Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Òǹgbẹ ń gbẹ mí. Ṣé o fẹ́ kí n kú sídìí iná ni?"

Òkété ò dúró gbé àwo. Ó sáré, eruku ń tẹ̀ lé e, ó ń ké e lọ lójú ọ̀nà. Kò kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò bẹ̀rù pé á tán. Ọ̀fun rẹ̀ ń jó, ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀fun mu bí ìdérí bá ìkòkò mu. Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Olóríburúkú! Owó tó o bá ná ló ń tán, ọ̀rọ̀ tó ò bá ná ló ń tán! Padà wá ṣa ẹja mi!"

Ó dé iwájú Erinmi, ó ṣubú lulẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, òǹgbẹ ń gbẹ mí."

Ẹfọ̀n gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Òǹgbẹ ń gbẹ mí."

Ẹkùn dìde. Ó nawọ́ sí Ìyá Àgbọ̀nrín lábẹ́ igi, ó nawọ́ sí gbogbo ará igbó, ó fi ohùn tí egungun há sí sọ ọ́: "Kábíyèsí, òǹgbẹ ń gbẹ wá." Àwọn ẹja kéékèèké bú sẹ́rìn-ín. Ẹkùn náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì tún un sọ, ó fi kún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ibodè fún wa."

Erinmi mi orí. Ó ní kí wọ́n ṣí ibodè, ó ní kí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan sí iwájú Ẹkùn, kí wọ́n fi èènì lé e fún Ẹfọ̀n. Omi rọ́ wọ igbó. Ìyá Àgbọ̀nrín mu, ó gbórí sókè, ó fi èdè odò bú ọkọ rẹ̀ tó ti kú, gbogbo rẹ̀ dá ṣáṣá.

Òkété ń wo apẹ̀rẹ̀ ẹja tó ń kọjá lọ lójú rẹ̀. Tíṣà Alákàn mú bírò, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn wá, ó fa ìlà ìkẹyìn sí káàdì. Ẹgbẹ̀rún pé.